Bí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tuntun ṣe lè múra sílẹ̀ fún eré ìta gbangba ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ilé-Ifẹ̀

Inú yàrá ni ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ yàrá ìbùgbé akẹ́kọ̀ọ́, ó lè jẹ́ gbọ̀ngàn ilé ìjọsìn tí wọ́n yá wọn lọ́sàn-án, ó sì lè jẹ́ gáréèjì òbí ọ̀kan nínú wọn. Ògiri yàrá náà ló ń dá ìró báàsì padà kí ó lè kún etí, òun ló ń jẹ́ kí olórin gbọ́ ohùn ara rẹ̀, òun náà ló sì ń bo àwọn àléébù kéékèèké mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè wọ́n sí àjọ̀dún orin ní ìta gbangba, kò ní sí ògiri níbẹ̀ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí ẹ ṣe lè múra sílẹ̀ fún pápá tí kò ní ògiri, nítorí pé, lójú tèmi tí mo ń bá àwọn ọ̀dọ́ olórin ṣètò ohùn, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tó mọ orin kọ dáadáa ti máa ń pàdánù agbára rẹ̀, tí àwọn òǹwòran á sì máa rò pé kò tíì mọ̀ ọ́n kọ.

Ẹ lọ wo ibẹ̀ kí ọjọ́ tó pé

Ó dára kí ẹ lọ ní wákàtí kan náà tí ẹ máa fi ṣeré. Anfitíátà tó wà lára Gbọ̀ngàn Odùduwà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ yàtọ̀ sí pápá gbalasa tí wọ́n kan ìtàgé onípákó sí fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní Anfitíátà, ìjókòó ń ga sókè bó ṣe ń jìnnà sí olórin, ìró sì ń dé etí ẹni tó wà lẹ́yìn láìjẹ́ pé orí ẹni iwájú dí i lọ́nà. Ní pápá títẹ́jú, ara àwọn tó dúró níwájú ló ń gba ìró tó tínrín mu, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà lẹ́yìn á máa gbọ́ báàsì àti ìlù ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orin kò ní yé e. Ìjìnnà náà ní ìṣirò tirẹ̀: níbi tí kò sí ògiri, ìró ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 6 (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe lágbára tó) nígbàkígbà tí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì. Ohun tí ẹni tó dúró ní mítà 20 sí sípíkà ń gbọ́ fi dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 12 kéré sí ti ẹni tó dúró ní mítà 5. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn onígìtá pé ampilifáyà kékeré tó ń mi yàrá tìtì kò lè kájú pápá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé máìkì síwájú rẹ̀, kí àwọn sípíkà ńlá sì gbé ohùn náà dé ọ̀dọ̀ èrò.

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ dúró sí ibi tí onílù máa jókòó sí, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì dákẹ́. Bí ilé alájà púpọ̀ kan bá kọjú sí ìtàgé, ẹ máa gbọ́ àtẹ́wọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì lọ́ọ̀ọ́kán. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ooru bá wà ní ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí náà, bí ilé náà bá jìnnà tó mítà 60, ìró á rin mítà 120 ní àlọ àti àbọ̀, á sì padà dé etí onílù lẹ́yìn nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Nínú orin tó ń lọ ní lílù 120 ní ìṣẹ́jú kan, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló wà láàrin lílù kan sí èkejì, ìró tó ń padà bọ̀ yẹn kò sì ní bá èyíkéyìí nínú wọn mu. Onílù tó bá fetí sí i á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ dè é, gbogbo ẹgbẹ́ á sì bá a falẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí ó kọ etí dídi sí i, kí ó máa gbọ́ báàsì láti inú sípíkà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí oníbáàsì sì dúró síbi tí yóò ti máa rí ẹsẹ̀ onílù kedere.

Ẹ wo ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí pẹ̀lú. Ìtàgé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn máa ń fi ìtànṣán ìrọ̀lẹ́ kún ojú olórin àti ara gìtá.

Ìdánrawò láìgbára lé ògiri

Nínú yàrá, ẹgbẹ́ máa ń tò yípo, oníkálukú á máa wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnìkan á mi orí, gbogbo wọn á sì mọ̀ pé ó tó àkókò láti yí orin padà. Lórí ìtàgé, èrò ni gbogbo yín máa kọjú sí, mítà mélòó kan sì lè wà láàrin ẹnìkan sí ẹnìkejì. Ẹ tètè yí ìdúró yín padà nígbà ìdánrawò: ẹ tò sí ìlà kan, ẹ kọjú sí ibì kan náà, kí ẹ sì kọ gbogbo orin náà láìwo ara yín. Ibi tí orin bá ti dàrú ni ibi tí ẹ ti ń fi ojú ṣe iṣẹ́ etí. Ẹ ka iye lílù ibẹ̀ papọ̀ títí tí yóò fi mọ́ gbogbo yín lára.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ìdánrawò jáde síta. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn alákòóso ibẹ̀ kí ariwo má bàa dí àwọn tó ń kàwé lọ́wọ́, kí ẹ sì yan pápá tó jìnnà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Bí kò bá sí iná níbẹ̀, gìtá tí kì í lo iná àti ìlù kékeré ti tó. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bí orin yín ṣe rí nígbà tí kò sí ohun tó ń dá a padà sí yín létí. Ibi tí ẹ rò pé ó kún nínú yàrá lè ṣófo pátápátá. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ á ní kí àwọn fi kún ohun tí àwọn ń lù, àmọ́ èmi gbà pé ńṣe ló yẹ kí wọ́n dín in kù. Bí gìtá méjì bá ń lu kọ́ọ̀dù kan náà ní ibì kan náà lórí okùn, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan gòkè lọ sí ibi tí ohùn ti tínrín, tàbí kí ó dákẹ́ títí ẹ ó fi dé ègbè. Ẹ dín híha ohùn gìtá, èyí tí wọ́n ń pè ní distortion, kù. Híha tó dùn nínú yàrá máa ń bo ọ̀rọ̀ ẹnu olórin mọ́lẹ̀ ní ìta. Pẹ́dàlì tó ń tún ohùn sọ ni kí ẹ fi sílẹ̀ pátápátá níbi tí ilé bá ti ń dá ìró padà, nítorí pé méjèèjì á máa bá ara wọn jà.

Ẹgbẹ́ BLO, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1972 pẹ̀lú Berkely Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu, kì í ṣe ẹgbẹ́ èrò púpọ̀: gìtá kan, ìlù kan, báàsì kan. Ẹ̀kọ́ ńlá ló wà nínú èyí fún ọ̀dọ́ tó ń rò pé rọ́ọ̀kì kò lè lágbára láìsí gìtá mẹ́ta. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta, oníkálukú ló ní àyè tirẹ̀, etí òǹwòran sì lè tọpa wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má ṣe fi etí yín ṣòfò nígbà ìdánrawò. Àjọ NIOSH, tó ń ṣèwádìí nípa ààbò àti ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn pé kí etí má ṣe gbọ́ ariwo dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 85 ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́, àti pé bí dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì bá fi 3 lé sí i, kí àkókò náà dín kù sí ìdajì. Ní dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù, ìlù àti ampilifáyà nínú yàrá kékeré sì máa ń tètè dé ibẹ̀. Fóòmù tí wọ́n ń fi dí etí kò wọ́n, ó sì ní àǹfààní mìíràn: ó ń kọ́ olórin bí a ṣe ń kọrin nígbà tí ènìyàn kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i lórí pápá gan-an nìyẹn.

Orin wo ni kí ẹ kọ?

Bí wọ́n bá fún yín ní ìṣẹ́jú 20, ẹ múra orin mẹ́rin tí àpapọ̀ wọn kò ju ìṣẹ́jú 17 lọ, kí ẹ sì ti fẹnu kò lórí èyí tí ẹ máa yọ bí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò pàtàkì bá pẹ́, tí wọ́n wá dín àkókò yín kù sí ìṣẹ́jú 10. Kì í ṣe orin tó dùn jù ló yẹ kó ṣáájú. Orin tí àwọn ohun èlò rẹ̀ ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ìlù kọ́kọ́, lẹ́yìn náà báàsì, lẹ́yìn náà gìtá, kí ohùn ẹnu tó dé. Wọn kì í sábà fún ẹgbẹ́ tuntun láyè àyẹ̀wò ohùn tó péye, bí ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹni tó ń darí ohùn á ní àyè láti tún ti ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe kí èkejì tó wọlé, láìjẹ́ pé èrò mọ̀ pé iṣẹ́ kan ń lọ lọ́wọ́.

Orin Afrobeats, fújì tàbí orin ìyìn ni púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa wà níbẹ̀ ń gbọ́ lójoojúmọ́. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rọ́ọ̀kì. Wọn kò kàn tíì mọ ibi tí wọ́n máa gbà wọ inú rẹ̀ ni. Lílé àti gbígbè ni ọ̀nà tó yá jù lọ. Ẹ ṣe ègbè kan ní èdè Yorùbá tí ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì lè gbè, kí ó kúrú, kí ohùn orin rẹ̀ sì bá ohùn ọ̀rọ̀ mu kí ìtumọ̀ má bàa sọnù. Bí ẹ bá dé ègbè náà, kí gìtá dákẹ́, kí ìlù àti báàsì nìkan máa lọ, kí àwọn òǹwòran lè gbọ́ ohùn ara wọn. Nínú pápá tí kò ní ògiri, kò sí ohun tó lè kún etí olórin tó ohùn èrò.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, ẹgbẹ́ Santana gun orí ìtàgé àjọ̀dún Woodstock ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà kí àwo orin wọn àkọ́kọ́ tó jáde. Ẹni ogún ọdún ni Michael Shrieve, onílù wọn, nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú èrò tó wà lórí pápá kò sì mọ orin wọn rí. Ìlù ni wọ́n fi mú èrò náà: kọ́ńgà àti àwọn ìlù mìíràn dúró ti dírọ́ọ̀mù, gìtá sì ń ké lórí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà jẹ́ ti Babatunde Olatunji, onílù tó jẹ́ ọmọ Ajídò nítòsí Àgbádárìgì. Ó wú mi lórí gidigidi pé ìlù tó ti ilẹ̀ Yorùbá jáde wà lára ohun tó gbé ẹgbẹ́ tí a kò tíì mọ̀ yẹn dé ọkàn èrò lórí pápá ilẹ̀ òkèèrè. Kí ló wá dé tí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan ní Ilé-Ifẹ̀ á fi máa tijú láti gbé gángan wá sórí ìtàgé?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọjọ́ orí yín kò tíì tó. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ St. Gregory's ní Èkó ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ofege nígbà tí àwo orin rọ́ọ̀kì wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1973.

Iná mànàmáná

Mo bẹ̀ yín, ẹ ka apá yìí dáadáa, nítorí pé ẹ̀mí wà níbẹ̀. Onígìtá tó ń kọrin ń fọwọ́ kan okùn irin tó so mọ́ ampilifáyà, ó sì ń fi ètè kan máìkì tó so mọ́ ẹ̀rọ mìíràn. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá ní wáyà ilẹ̀ (earth) tó péye, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, ara olórin ni iná lè gbà kọjá. Ní ọdún 1972, bẹ́ẹ̀ ni Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, ṣe kú ní ìlú Swansea ní Wales: ó fọwọ́ kan máìkì tí kò ní wáyà ilẹ̀ lórí ìtàgé. Kí oníṣẹ́ iná fi mítà wọn iná tó wà láàrin okùn gìtá àti orí máìkì kí ẹnikẹ́ni tó sún ẹnu mọ́ ọn. Bí mítà bá fi iná hàn, ẹ má ṣeré títí wọn ó fi tún un ṣe. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n yọ wáyà ilẹ̀ kúrò nínú púlọ́ọ̀gì nítorí pé ampilifáyà ń kùn; kíkùn kò lè pa ènìyàn. Ohun tó sábà máa ń dín kíkùn kù ni kí gbogbo ẹ̀rọ orí ìtàgé máa gba iná láti orísun kan náà.

Ẹ béèrè nípa jẹnẹrétọ̀ náà. Bí èyí tó ń gbé ohùn bá tún ń gbé fìríìjì àwọn tó ń ta nǹkan mímu àti gbogbo gílóòbù pápá, iná á máa lọ sókè sódò bí wọ́n bá ṣe ń tan nǹkan tí wọ́n sì ń pa á. Ẹ bẹ àwọn tó ṣètò àjọ̀dún kí wọ́n ya jẹnẹrétọ̀ ohùn sọ́tọ̀, kí wọ́n sì gbé e jìnnà sẹ́yìn ìtàgé. Ẹ ṣọ́ra fún ohun èlò tòkunbọ̀ pẹ̀lú. Iná 120 fóòtì (volt) ni ampilifáyà tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ń lò, bẹ́ẹ̀ 230 ni ti Nàìjíríà. Láìsí transfọ́mà tó ń dín iná kù, á jóná kí ẹ tó lu kọ́ọ̀dù kìíní tán.

Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí ìtàgé tí kò ní òrùlé tó péye, ẹ fi ohun èlò sílẹ̀, kí wọ́n pa iná, kí ẹ sọ̀kalẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ẹ má ṣe lọ sí eré ìta gbangba ní Ifẹ̀ láìmú tapólì dání.

Okùn, awọ àti ojú ọjọ́

Oòrùn máa ń mú kí okùn irin gìtá gùn díẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì rẹlẹ̀. Bí atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ bá fẹ́ sí i, á tún fà, ohùn á ga. Gìtá tí ẹ tún ohùn rẹ̀ ṣe nínú yàrá kò ní bá ara rẹ̀ mu mọ́ lórí ìtàgé. Ẹ fi í sínú àpò rẹ̀ lábẹ́ ìbòòji, ẹ má ṣe fi í sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, kí ẹ gbé e síta ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ṣáájú eré, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tún ohùn rẹ̀ ṣe. Okùn tuntun máa ń yọ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ máa fi ọwọ́ fà á jẹ́jẹ́ kí ó lè fìdí múlẹ̀.

Ti ìlù aláwọ yàtọ̀. Ní àkókò òjò, awọ gángan máa ń gba ọ̀rinrin, ó ń rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń wúwo. Ní àkókò ọyẹ́, á gbẹ, á le, ohùn rẹ̀ á ga ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Àwọn ọmọ Àyàn mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó mọ gìtá nílẹ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sá ìlù sóòrùn tàbí kí wọ́n yá a níná kí wọ́n tó lù ú. Bí ẹ bá ní onígángan nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ fún un láyè àti àkókò láti ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sì bá onígìtá wá ohùn tí wọ́n jọ máa dúró lé. Ó yẹ kí ó ní máìkì tirẹ̀, tó kọjú sí ojú awọ tí kọ̀ǹgọ́ ń lù, nítorí pé dírọ́ọ̀mù àti aro rẹ̀ á bò ó mọ́lẹ̀ bí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọjọ́ eré

Ẹ ya àwòrán ìtàgé sórí bébà kan: ibi tí oníkálukú máa dúró sí, iye máìkì tí ẹ nílò, àti ibi tí ẹ fẹ́ kí wáyà iná dé. Ẹ tètè dé, kí ẹ kí ẹni tó ń darí ohùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni eré yín wà: “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹni mẹ́rin ni wá, máìkì méjì là ń fẹ́ fún ohùn ẹnu, ọ̀kan fún gángan. Ìlù ló máa kọ́kọ́ wọlé.” Ó ṣeé ṣe kó ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó nílò láti mọ̀ nípa yín ló ti wà nínú gbólóhùn yẹn.

Nínú àpò ẹgbẹ́, ẹ kó okùn gìtá, wáyà méjì tó lé sí iye tí ẹ ń lò, bátìrì fóòtì 9 fún pẹ́dàlì, ọ̀pá ìlù, téèpù dúdú àti kápẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí onílù máa tẹ́ sábẹ́ ìlù rẹ̀. Ìlù ẹlẹ́sẹ̀ máa ń yọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ lórí pákó tí kò ní kápẹ́ẹ̀tì, títí tí ẹsẹ̀ onílù kò fi ní bá a mọ́.

Kí olórin di ara máìkì mú, kí ó má ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí rẹ̀, kí ó má sì ṣe dojú rẹ̀ kọ sípíkà tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀; ohun méjì yìí ló sábà máa ń mú kí máìkì han gooro. Nínú sípíkà yẹn, ẹ má ṣe béèrè fún gbogbo nǹkan. Ohùn ẹnu àti ìlù tó fún olórin. Báàsì àti ohùn ẹnu tó fún onílù. Ìdùnnú ọkàn máa ń mú kí onílù sáré, nítorí náà, kí ó wo ẹ̀rọ tó ń ka lílù lórí fóònù rẹ̀ kí ó tó ka orin kọ̀ọ̀kan wọlé.

Bí okùn bá já, kí orin má dúró. Kí ẹ ti fẹnu kò ṣáájú pé báàsì àti ìlù á máa lọ, kí olórin fi ègbè gba èrò mọ́ra títí onígìtá yóò fi padà. Láàrin orin kan sí èkejì, ẹ sọ orúkọ ẹgbẹ́ yín lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti lẹ́ẹ̀kan ní ìparí, kí ẹ má sì ṣe tọrọ àforíjì nítorí ohùn.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ tètè kó ẹrù yín kúrò fún ẹgbẹ́ tó kàn, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó darí ohùn. Kí ọ̀rẹ́ yín kan ti dúró ní àárín pápá pẹ̀lú fóònù láti gba eré náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí ó dúró sí ṣe pàtàkì ju bí fóònù náà ṣe dára tó lọ. Ẹ jọ gbọ́ ọ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ọ̀rọ̀ orin ni kí ẹ kọ́kọ́ fetí sí, bóyá ó yé ẹni tó wà ní àárín pápá. Lẹ́yìn náà, bóyá ìlù àti báàsì bára wọn dọ́gba. Gìtá ni kí ẹ gbọ́ kẹ́yìn. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí orin kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá tún fẹ́ pè yín á béèrè rẹ̀.